Bí ẹ ṣe lè gba Semmelweis, yunifásítì ìṣègùn Budapest, di dókítà: ìtọ́sọ́nà láti orí ìtàn dé orí ìwé ẹ̀rí

Nígbà tí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yúróòpù, bí yóò ṣe rí àyè wọlé ni gbogbo ilé máa ń sáré sí. Wọ́n á wá éjẹ́ńtì, wọ́n á ka owó, wọ́n á máa ṣírò fíṣà. Kò burú, ṣùgbọ́n ìwọlé kọ́ ló le jù. Ní Yunifásítì Semmelweis tó wà ní Budapest, olú ìlú Húngárì, ọdún méjì àkọ́kọ́ ni asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ fi ọdún méjì yẹn sọ́kàn ní gbogbo ìgbésẹ̀: nígbà tí ẹ bá ń yan ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹ bá ń wá owó, àti nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ ìwé mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ilé ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó kọ̀wé sí i

Kádínà Péter Pázmány ló dá yunifásítì tí Semmelweis ti yọ jáde sílẹ̀ ní 1635, ní ìlú Nagyszombat. Ìlú yẹn ti bọ́ sí ilẹ̀ Slofákíà lónìí, Trnava ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1769 ni Ọbabìnrin Maria Theresa fi ẹ̀ka ìṣègùn kún un, ìdí nìyẹn tí Semmelweis fi ń ka 1769 sí ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1777 wọ́n kó yunifásítì náà lọ sí Buda, nígbà tó sì di 1784 wọ́n kó o sọdá odò Danube sí Pest. Buda àti Pest ṣì jẹ́ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà yẹn. 1873 ni wọ́n tó pa wọ́n pọ̀ di Budapest.

Abẹ́ yunifásítì ńlá yẹn ni ẹ̀ka ìṣègùn wà títí di 1951, tí ìjọba fi yọ ọ́ kúrò kó lè dá dúró. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní ELTE lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán fún ẹni tó ń fi owó sílẹ̀. ELTE wà ní Budapest, ó lórúkọ, ó sì ti pẹ́, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ dókítà. Bí éjẹ́ńtì bá ní òun lè bá yín gba àyè iṣẹ́ dókítà ní “yunifásítì Budapest”, ẹ bi í pé èwo nínú wọn, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún.

Nígbà tí ẹ̀ka ìṣègùn náà pé 200 ọdún, ní 1969, ni wọ́n fún un ní orúkọ Ignác Semmelweis. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Buda ni wọ́n ti bí i, ní 1818. Ní àwọn ọdún 1840 ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Vienna, níbi tí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì wà. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń gbẹ̀bí ní ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí ló wà ní èkejì. Ibà ń pa àwọn ìyálọ́mọ ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ, débi pé àwọn aboyún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé àwọn lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gé e lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò. Nígbà tí Semmelweis ka ohun tí wọ́n rí nínú ara Kolletschka, ohun kan náà tí wọ́n ń rí lára àwọn ìyálọ́mọ ni. Ó yé e lójú ẹsẹ̀: láti ibi òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ aboyún, ohun tó sì wà lára òkú ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbé wá. Ní oṣù Karùn-ún ó gbé àwo omi kúlórìnì sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá láìfọ ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, nínú 100 ìyálọ́mọ, bíi 18 ló kú. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó ti wálẹ̀ sí bíi 2.

Ọ̀pọ̀ àgbà dókítà Vienna kò gbà á gbọ́. Ó padà sí Pest, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Rókus láti 1851, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ìṣègùn yìí gan-an ní 1855. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1861. Ní 1865 ó kú sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna, àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú kò tíì yí ọkàn padà. Bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò nígbà ìgbàwọlé bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi yan ibí, ẹ má sọ pé nítorí pé ó lórúkọ. Ẹ sọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe: ó ka iye òkú, ó fi wọ́ọ̀dù kan wé èkejì, ó dán àtúnṣe wò, ó sì tún kà. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí dókítà máa ronú nìyẹn.

Ohun kan kù tí àwọn ọmọbìnrin tó ń kà yìí yóò fẹ́ mọ̀. Títí di 1895, wọn kì í gba obìnrin sí ẹ̀ka ìṣègùn yìí. Vilma Hugonnai, ọmọ Húngárì, ti gba oyè dókítà ní Zurich ní 1879, ṣùgbọ́n ó di 1897 kí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Ní 1900 ni Sarolta Steinberger di obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ́ ìṣègùn ní Húngárì fúnra rẹ̀ tó sì gboyè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ gan-an

Ọ̀nà tí wọ́n gbà to ẹ̀kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Wọn kì í ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba oyè mìíràn kí ẹ tó kọ́ ìṣègùn. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama lẹ ó ti wọlé tààrà, bíi ti Nàìjíríà. Ìṣègùn jẹ́ ọdún 6, ìṣègùn eyín jẹ́ ọdún 5, ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn náà jẹ́ ọdún 5. Ẹ lè kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè Húngárì, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì. Ti Jámánì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn àlejò, ní 1983, ti Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí. Láti 2008 ni àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn ní èdè Jámánì ti lè ṣe ọdún méjì ní Budapest kí wọ́n sì lọ parí rẹ̀ ní Hamburg.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera wà tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti físíò, ọdún 4. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ni kò gbà pé ọmọ lè lọ òkè òkun láìṣe dókítà. Ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ sí títún ìrìn alárùn rọpárọsẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni kó lọ. Kò sídìí tí ẹ ó fi tì í sínú anatomy, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, fún ọdún méjì nítorí orúkọ.

Ẹ̀ka kan wà tó ṣàrà ọ̀tọ̀: ẹ̀ka András Pető, tó wọnú Semmelweis ní 2017. Pető, dókítà tó kú ní 1967, ló ṣe ọ̀nà ìkọ́ni fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò lè darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn dáadáa. Wọn kì í kàn na ẹsẹ̀ ọmọ sókè sódò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdìde, ìjókòó, ìjẹun àti ìwọṣọ ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, pẹ̀lú orin àti kíka nọ́ńbà, láàárín àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìdílé yóò mọ ohun tí èyí jẹ́.

Ẹ̀kọ́ PhD náà wà, ọdún 4, fún ẹni tó ti ní oyè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ọdún 6 náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ sí. Ìwé àlàyé ẹ̀kọ́ wà lórí ìkànnì yunifásítì náà, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, kí ọmọ àti òbí jọ kà á.

Ọdún 6 yìí jẹ́ sáà ẹ̀kọ́ 12 àti kírẹ́díìtì 360. Ní ọdún kìíní àti ìkejì, ẹ ó kọ́ anatomy, ìmọ̀ kẹ́míkà ara, físíìsì ara, biochemistry, physiology (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) àti bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà nínú oyún. Aláìsàn kò tíì pọ̀ lójú yín. Ìwé, mákírósíkóòpù àti òkú ni. Ọdún kẹta ló mú pathology (ohun tí àìsàn ń ṣe sí ara) àti microbiology (ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí) dání, ẹ̀kọ́ oògùn náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Láti ọdún kẹrin ni ẹ ó ti máa lọ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, púpọ̀ nínú wọn wà ní òpópónà Üllői. Ọdún kẹfà kò ní kíláàsì púpọ̀: ẹ ó máa yípo nínú wọ́ọ̀dù àìsàn inú ara, iṣẹ́ abẹ, ọmọdé, ìgbẹ̀bí, iṣan ara àti ọpọlọ. Ẹ ó kọ ìwé àṣekágbá, ẹ ó sì ṣe ìdánwò ìjọba.

Ohun tó ń ká àwọn ọmọ ilé wa lára jù ni ìdánwò ẹnu. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ṣe òbújẹ́ẹ̀tì, tó ń yan A tàbí C, gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Ẹ ó wọ yàrá, ẹ ó kí ọ̀jọ̀gbọ́n. Páálí kéékèèké wà lórí tábìlì, wọ́n dojú bolẹ̀. Ẹ ó mú ọ̀kan, orí ọ̀rọ̀ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni tiyín. Ní èdè Húngárì wọ́n ń pè é ní tétel. Ẹ ó jókòó díẹ̀ kọ kókó sínú bébà, lẹ́yìn náà ẹ ó máa wí, láti orí dé ìdí, bí ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè já lu ọ̀rọ̀ yín kí ó bi yín ní “kí ló dé?” títí ẹ ó fi dé ibi tí ìmọ̀ yín parí sí. Bí ó bá jẹ́ anatomy, ẹ ó tún dé ẹ̀gbẹ́ òkú. Yóò fi irin fa iṣan kan sókè, yóò ní kí ni èyí, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀bẹ bá gé e?

Máàkì jẹ́ láti 1 dé 5. 5 ló ga jù, 1 ni ìkùnà. Ìdánwò àkópọ̀ tó ń pa ẹ̀kọ́ sáà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń pè ní szigorlat, òun sì ni àwọn tó ti ọ̀hún bọ̀ máa ń rántí. Ẹ̀kọ́ kan ń ti ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́yìn: bí ẹ kò bá yege nínú èyí tó ṣáájú, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 6 ṣe ń di 7 tàbí 8, owó ilé ìwé náà sì ń lé sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọdún méjì náà láti ilé

Biology àti kẹ́mísìrì ni ìdánwò ìwọlé dá lé, kò sì sí bí ẹ ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má kàn ka ìbéèrè WAEC tó ti kọjá. Ẹ máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹ mú orí ọ̀rọ̀ kan, bíi bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ẹ dìde dúró níwájú ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá yín, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ láìwo ìwé. Kó má bàa jẹ́ òtítọ́ lọ́wọ́ yín nìkan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ máa bi yín ní ìbéèrè. Ẹni tó bá fi oṣù díẹ̀ ṣe báyìí, ojú rẹ̀ kò ní pọ́n níwájú tétel.

Bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ kò bá tíì dúró, ẹ jẹ́ kó fi ọdún kan múra. Yunifásítì Debrecen, tí òun náà wà ní Húngárì, ní ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún irú wọn. Lójú tèmi, ọdún kan yẹn sàn ju kó lọ kùnà ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbàgbé pé Debrecen, Szeged àti Pécs náà ń kọ́ ìṣègùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; ẹ kọ̀wé sí ju ibì kan lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwé àti fíṣà

Orí ìkànnì yunifásítì náà ni ìgbàwọlé wà. Ẹ ó nílò èsì WAEC tàbí NECO, ìwé àṣeyọrí ilé ẹ̀kọ́ girama, ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò ní tètè tán, ìwé ìlera, àti lẹ́tà tí ẹ fúnra yín kọ. Ẹ jẹ́ kí orúkọ tó wà lórí gbogbo wọn bára mu, lẹ́tà kan sí èkejì. Ọmọ tó ń jẹ́ Olúwaṣeun lórí ìwé kan, tó tún ń jẹ́ Seun lórí òmíràn, wàhálà ló ń fi pamọ́ fún ọjọ́ iwájú. Ẹ lọ búra ní kóòtù kí ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ ṣáájú. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Abuja ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò lò lókè òkun, ẹ fi àyè ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Lẹ́tà ìgbàwọlé ni ẹ ó gbé lọ sí ẹ́ḿbásì Húngárì ní Abuja fún fíṣà, pẹ̀lú ẹ̀rí owó, ibùgbé àti ìbánigbófò ìlera. Ẹ lọ fúnra yín. Wọ́n máa ń gba àmì ìka ọwọ́.

Ẹ má ṣe san owó ilé ìwé sínú àkáǹtì ẹnìkan. Àkáǹtì tó wà lórí ìwé ìgbàwọlé, tó jẹ́ orúkọ yunifásítì, ni ẹ sanwó sí. Bí éjẹ́ńtì bá wà láàárín, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé láti bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó

Sáà sí sáà ni wọ́n ń gba owó, ó sì wọ́n. Ẹ mú iye owó sáà kan tó wà lórí ìkànnì fún ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, kí ẹ fi sáà méjì kún un fún ìdádúró tí mo sọ lókè. Bí agbára ilé kò bá gbé iye yẹn, ẹ tètè mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, kó má jẹ́ ní ọdún kẹta. Náírà tó ń rọ́ sílẹ̀ ti lé ọmọ tó mọ̀wé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ rí.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí ìjọba Húngárì dá sílẹ̀ ní 2013, Stipendium Hungaricum. Ó ń san owó ilé ìwé, ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oṣooṣù àti ibùgbé tàbí ìrànwọ́ ibùgbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó oṣooṣù fún àwọn tí kò tíì dé PhD jẹ́ fọ́rínì (owó Húngárì) 43,700, èyí tí kò tó jẹun ní Budapest, kí ẹ má tan ara yín. Oṣù Kíní ni wọ́n sábà máa ń pa ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí ẹ tó fọkàn sí i, ẹ yẹ àdéhùn orílẹ̀-èdè yín wò lórí ìkànnì rẹ̀, bóyá ìṣègùn wà nínú ẹ̀kọ́ tó bò.

Bákan náà, àwọn tó ń retí láti lọ ṣe sáà kan ní Faransé tàbí Ítálì gbọ́dọ̀ mọ èyí: láti 2021, àjọ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń darí Semmelweis. Ní oṣù Kejìlá 2022, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pinnu pé àwọn kò ní bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn tuntun lórí owó Erasmus+, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kàwé fúngbà díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Húngárì ti gbé ètò tirẹ̀, Pannónia, jáde. Ẹ béèrè bó ṣe rí lọ́dún tí ẹ fẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá ti débẹ̀

Neptun, ètò orí kọ̀ǹpútà ti yunifásítì, lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀. Orí rẹ̀ ni ẹ ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti fún ọjọ́ ìdánwò. Bí àyè ìdánwò bá ti ṣí, ẹ wọlé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tó dára kì í pẹ́ tán. Ẹ pín szigorlat yín jìnnà síra, ẹ má sì fi èyí tó le jù sí ọjọ́ ìkẹyìn sáà ìdánwò, kí àyè lè wà láti tún un ṣe.

Wọ́n ń ka wíwá sí kíláàsì. Bí kíláàsì tí ẹ kò wá bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ kò ní lè ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ yẹn.

Èdè Húngárì kì í ṣe ohun àfikún. Ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kò gbọ́ ọ. “Hol fáj?” ni ẹ ó fi bi í pé ibo ló ń dùn ún. Bí ẹ bá fẹ́ kó mí kanlẹ̀ kí ẹ lè fetí sí àyà rẹ̀, “Vegyen mély levegőt” ni. Kí ẹ tó dé orí rẹ̀, “Jó napot kívánok” ti wà lẹ́nu yín. Ẹ ó rí i pé ojú àwọn àgbàlagbà ń là bí àlejò bá kí wọn ní èdè wọn. Ẹ má dúró de ọdún kẹta kí ẹ tó kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ibi tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́

Oyè dókítà Húngárì wà lára àwọn tí òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 2005/36, kọ orúkọ wọn sílẹ̀, èyí sì ń mú ọ̀nà fúyẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè kò fúyẹ́: ní Jámánì, ẹ ó ṣe ìdánwò èdè iṣẹ́ dókítà kí wọ́n tó fún yín ní ìwé àṣẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ padà sí Nàìjíríà, ìdánwò MDCN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ dókítà lókè òkun ń dúró dè yín ṣáájú iṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn, tí àwọn dókítà wa ń pè ní house job. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgùnbánirọ̀. Àwọn NYSC máa ń béèrè ìwé ìrìnnà tí òǹtẹ̀ ìjáde àti ìwọlé wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé ìrìnnà bá kún, ẹ má jù ú nù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú àpò kan pẹ̀lú ìwé WAEC, lẹ́tà ìgbàwọlé àti ìwé máàkì sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún kìíní, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.